Ẹ Lọ Ra Róòsì Nígbà Òjò

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ará àdúgbò sọ nínú gbọ̀ngán kan ní Ìbarà, Abẹ́òkúta, ni mo kọ sílẹ̀ yìí. Mo fi díẹ̀ nínú ìbéèrè wọn sí i.)

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọmọ Lísàbi, àti ẹ̀yin àlejò tí ẹ ti fi Abẹ́òkúta ṣe ilé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo wá dáhùn lónìí, òun náà ni wọ́n máa ń bi mí jù lọ láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Ẹni tó bá ń gba iwájú ilé mi ní Ìdí-Àbà kọjá á dúró, á wo róòsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, á ní: "Bàbá, ibo lẹ ti ra pupa yìí? Èmi náà ń fẹ́ pupa." Òmíràn á ní funfun lòun ń fẹ́. Òmíràn á yọ fóònù, á fi àwòrán hàn mí: "Irú èyí ni, Bàbá, tó dà bíi ti orí káàdì ìgbéyàwó." Gbogbo ọdún tí mo ti ń gbìn ín, kò tíì sí ẹni tó bi mí pé, "Bàbá, ọmọ ta ni róòsì yìí?"

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí ọmọbìnrin yín bá mú àfẹ́sọ́nà wálé, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ bèèrè nìyẹn. Ẹ ò ní bèèrè bóyá ó pupa tàbí ó dúdú. Ẹ máa rán ènìyàn lọ sí ìlú wọn: ṣé kò sí àrùn burúkú nínú ìdílé náà, ṣé wọn kì í ṣe oníjà, ṣé wọ́n máa ń pẹ́ láyé? Irú ìwádìí yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe kí ẹ tó náwó sórí róòsì. Ti àwọ̀ á yanjú lẹ́yìn náà; àwọ̀ kò wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n tètè mú ọ̀rọ̀ orúkọ kúrò lọ́nà, nítorí wọ́n máa ń pe ohun tí kì í ṣe róòsì ní róòsì. Ìṣápá tí a fi ń ṣe sobo, roselle ni òyìnbó ń pè é, ṣùgbọ́n ilá ló bá tan. Èyí tí wọ́n ń pè ní desert rose, tí ìdí rẹ̀ wú bí iṣu, kò bá róòsì tan rárá. Oje rẹ̀ lóró débi pé àwọn ọdẹ kan nílẹ̀ Áfíríkà máa ń fi ṣe oró ọfà. Ó dára nínú ìkòkò o, oòrùn kì í sì í bà á lẹ́rù, àmọ́ ẹ fọ ọwọ́ yín bí ẹ bá gé e tán. Ní ti róòsì gan-an, ewé rẹ̀ máa ń tò sórí ọ̀pá kan ní mẹ́ta, márùn-ún tàbí méje, etí ewé kọ̀ọ̀kan sì ní eyín wẹ́wẹ́ bí ayùn. Ẹ wo etí ewé kí ẹ tó sanwó.

Ó dáa. Àwọn onímọ̀ pín róòsì sí ọ̀nà púpọ̀, ṣùgbọ́n ìdílé méjì ni èmi máa ń pín in sí: ìdílé òtútù àti ìdílé ooru. Àwọn róòsì àtijọ́ ilẹ̀ Yúróòpù ni ìdílé òtútù, Gallica, Alba, Damask. Nílé wọn, yìnyín á dé, ewé á wọ́ dànù, igi á sùn fún oṣù mélòó kan. Oorun yẹn ló fi ń mọ̀ pé ọdún ti yípo. Bó bá jí, á rudi, á tanná lẹ́ẹ̀kan, ó di ẹ̀ẹ̀mííràn. Ẹ wá gbé irú igi bẹ́ẹ̀ wá sí Abẹ́òkúta, níbi tí ọyẹ́ kò lè ṣe ju kó mú wa wá súwẹ́tà lówùúrọ̀ lọ. Kò ní rí oorun sùn. Ewé lásán ni yóò máa rú fún yín títí yóò fi rẹ̀ ẹ́.

Ilẹ̀ Ṣáínà ni ìdílé ooru ti wá. Rosa chinensis àti Rosa gigantea ni bàbá ńlá wọn, ibi tí wọ́n sì ti ṣẹ̀ wá kò tutù débi pé igi á sùn pátápátá. Àwọn ará Ṣáínà ti ń tọ́ ọmọ wọn nínú ọgbà tipẹ́tipẹ́ kí àwọn òyìnbó tó rí wọn. Nígbà tí wọ́n fi máa tàn kálẹ̀ ní Yúróòpù, ní apá ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, ẹnu ya àwọn onílé, nítorí àlejò yìí kì í tanná lẹ́ẹ̀kan kó dákẹ́. Bí ooru bá ti wà, á máa tanná lọ ni. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi tiwọn àti ti Ṣáínà ṣe ìyàwó fún ara wọn. Nínú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ni 'La France' wà, tí Guillot ará Faransé gbé jáde ní 1867. Òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí àkọ́bí ẹ̀yà hybrid tea: ọ̀pá gígùn kan, òdòdó ńlá kan lórí rẹ̀, ìrudi tó rí ṣóńṣó. Róòsì orí káàdì ìgbéyàwó nìyẹn.

Ibí yìí ni Alhaja kan tó jókòó níwájú ti nawọ́. Ó ní òun ra omi róòsì bọ̀ láti Mẹ́kà, títí dòní òórùn rẹ̀ ò kúrò lára ìbòrí òun, ṣé òun ò lè rí igi rẹ̀ gbìn sẹ́yìnkùlé? Mo ní Alhaja, ìbéèrè tó dára ni. Róòsì Ta'if ni èyí tó lókìkí jù lágbègbè yẹn, Damask sì ni. Ta'if kò jìnnà sí Mẹ́kà, ṣùgbọ́n orí òkè ló wà, ó ju 1,500 mítà lọ sí ìtẹ́jú òkun, òtútù a sì máa mú níbẹ̀ lóru. Nǹkan bí oṣù kẹta sí oṣù kẹrin ni wọ́n máa ń ká a, ó parí nìyẹn fún ọdún náà. "Alhaja, ẹ ṣáà máa ra omi rẹ̀ bọ̀. Igi rẹ̀ ò ní gbọ́ èdè Ẹ̀gbá." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo rí i pé inú rẹ̀ ò dùn tán, mo sì fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ́kàn.

Ọ̀rọ̀ òkè yìí ṣe pàtàkì. Ẹlòmíràn á sọ fún yín pé ṣebí Kẹ́ńyà àti Etiópíà wà ní Áfíríkà, ṣebí àwọn ló ń kó róòsì sínú ọkọ̀ òfúrufú lọ fún àwọn òyìnbó. Òótọ́ ni. Adágún Naivasha tí oko róòsì Kẹ́ńyà pọ̀ sí létí rẹ̀ fi nǹkan bí 1,900 mítà ga ju ìtẹ́jú òkun lọ. Ọ̀sán wọn móoru díẹ̀, òru wọn tutù. Téńté orí Olúmọ gan-an, mítà 137 péré ni. Nínú oṣù kejì àti oṣù kẹta, ooru ọ̀sán wa níbí máa ń tó ìwọ̀n 35. Bí oòrùn bá sì wọ̀, àpáta tó ti mu ooru látàárọ̀ á wá máa tú u jáde fún wa lóru. Òdòdó tó yẹ kó fara balẹ̀ ṣí á ṣí wàdùwàdù, á kéré, àwọ̀ rẹ̀ á ṣá, kí ẹ sì tó pe aládùúgbò wá wò ó, ó ti gbọ̀n dànù.

Síbẹ̀, ìtìjú lásán ni ooru máa ń fi bá róòsì. Òjò ló ń pa á.

Mo mú ewé kan dání lọ́jọ́ náà, mo ní kí wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn títí dé ìlà ẹ̀yìn. Ẹ wo àbàwọ́n dúdú tó wà lórí rẹ̀, tó tó èékánná ọmọdé. Ẹ tẹjú mọ́ etí àbàwọ́n náà: kò gún régé bí ohun tí wọ́n fi àlùmọ́gàjí gé. Ó rí bí ìgbà tí tàdáwà bá kán sórí bébà tó tutù, tó ń ràn lọ sí gbogbo ẹ̀gbẹ́. Ibi tó yí i ká ti pọ́n bí ewé tó fẹ́ kú. Bí ẹ bá fi ìka ta á báyìí, á já kúrò lára ọ̀pá láìjanpata. Diplocarpon rosae lorúkọ ohun tó ń fa àrùn náà lẹ́nu àwọn onímọ̀. Ìran ohun tó máa ń mú búrẹ́dì bu ni. Ẹ̀kán omi ló ń gbé e fò láti ewé dé ewé, ewé sì gbọ́dọ̀ wà ní tútù fún nǹkan bíi wákàtí méje kó tó ráyè wọlé. Wákàtí méje! Nínú oṣù kẹfà àti oṣù keje, òjò tó bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ ní Abẹ́òkúta lè máà dá títí di ìdájí, ìrì á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, aago mẹ́wàá á lù kí ewé tó gbẹ. Igi tí kò lágbára á wá máa ju ewé sílẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, títí á fi ku ọ̀pá àti ẹ̀gún nìkan, bí ẹni tí wọ́n bọ́ láṣọ láàárín ọjà. Òjò á dá díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, á tún fi gbogbo agbára rú ewé tuntun. Òjò oṣù kẹsàn-án á tún kó o. Igi wo ló máa jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún tí kò ní kú?

Àrùn ìdílé sì wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ẹ má rò pé àwàdà ni mo ń ṣe. Ní 1900 ni Joseph Pernet-Ducher, ará agbègbè Lyon ní Faransé, gbé 'Soleil d'Or' jáde. Kó tó dìgbà náà, yẹ́lò tó pọ́n dẹ́dẹ́ ṣọ̀wọ́n gan-an láàárín róòsì olódòdó ńlá tó ń tanná léraléra. Ọ̀dọ̀ Rosa foetida ló ti rí yẹ́lò náà, róòsì tó wá láti apá Éṣíà tí òjò ò ti pọ̀. Ẹni tí kò rí òjò dàgbà, báwo ló ṣe máa mọ àrùn òjò í bá jà? Àìlera yẹn bá yẹ́lò wọ inú ìdílé, wọ́n sì jọ ń rìn títí dòní lára ọ̀pọ̀ róòsì aláwọ̀ yẹ́lò àti aláwọ̀ ọsàn. Bí ẹ bá rí èyí tó pọ́n bí ìyeyè níbi tí wọ́n ti ń tà á, ẹ rọra mú owó yín jáde.

Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ wá nìyí. Nínú oṣù kejìlá ni púpọ̀ nínú wa máa ń lọ ra róòsì, pé Kérésì ń bọ̀, kí iwájú ilé lè dùn ún wò. Ìgbà yẹn, ọyẹ́ ti gbẹ afẹ́fẹ́, àrùn ti sinmi, kò sí róòsì tí kò rẹwà. Bí ìgbà tí wọ́n mú ìyàwó wá kí yín ni, tòun ti aṣọ òkè àti àtíkè. Ẹ lọ ká a mọ́lé láìsọtẹ́lẹ̀. Oṣù keje ni kí ẹ lọ, tàbí oṣù kẹsàn-án, lẹ́yìn tí òjò bá ti rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ẹ má wo òdòdó orí rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ wo ewé ìsàlẹ̀. Èyí tí ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti di ọ̀pá, òun ni kí ẹ rà, ì báà má ní òdòdó kankan lórí. Kí ẹ sì bi ẹni tó ń tà á bóyá ó ń fín oògùn sí i, nítorí oògùn máa ń jẹ́rìí èké. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ̀fọ̀ ń bẹ níbẹ̀ nígbà òjò, bàtà á sì bàjẹ́. Bàtà ṣeé fọ̀.

"Bàbá, orúkọ wá ńkọ́?" Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló kígbe bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn, bíròó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Pupa ẹnu géètì mi tí gbogbo yín ń bèèrè, 'Louis Philippe' ni. Ọdún 1834 ló jáde ní Faransé, ẹ̀jẹ̀ Ṣáínà ló pọ̀ lára rẹ̀. Àwọn ará Florida ní Amẹ́ríkà, níbi tí ooru àti ọ̀rinrin ò ti jìnnà sí tiwa, ti ń gbìn ín láti ayébáyé, ó sì máa ń wà níwájú ilé àwọn tí kò rí ti òdòdó rò pàápàá. Òdòdó rẹ̀ kò tóbi, ọrùn rẹ̀ sì rọ̀, ó máa ń doríkodò bí ọmọ tí wọ́n bá wí. Bí ẹ bá ń wá èyí tí ẹ máa gé sínú ìgò lórí tábìlì, kì í ṣe òun. Àmọ́ ọdún kẹsàn-án rẹ̀ rèé lẹ́nu géètì mi, n kò fín oògùn sí i rí. Òjò á jẹ díẹ̀ nínú ewé rẹ̀, á rú òmíràn dípò, kò ní kí ẹnikẹ́ni bá òun dárò.

'Old Blush' ni ìkejì rẹ̀, pínǹkì ni, ó sì wà lára àwọn àkọ́kọ́ tó ti Ṣáínà dé Yúróòpù. Òdòdó rẹ̀ máa ń rí jákujàku, ìyàwó mi ní ó dà bíi gèlè tí wọ́n wé nínú ọkọ̀. Òun ló máa ń tanná jù nínú ọgbà mi, àní nínú oṣù kẹta tí ewúrẹ́ pàápàá ń wá ibòji.

Èmi gan-an fẹ́ràn 'Mutabilis'. Awẹ́ márùn-ún péré ló ní, kò ká jọ bí èyí tí ẹ mọ̀. Láàárọ̀ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, á rí bí ẹran ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n tán. Bó bá yá á di pínǹkì. Kó tó gbọ̀n dànù á ti pọ́n bí osùn. Àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á wà lórí igi kan náà lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni pé ọ̀wọ́ labalábá ló bà lé e. Ó fẹ́ràn àyè o. Ó lè ga ju ènìyàn lọ, kó sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ má gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ìwọlé.

Alhaja, mo ti padà sí ọ̀rọ̀ yín. Àwọn róòsì kan wà tí wọ́n ń pè ní Tea, ọmọ Ṣáínà náà ni wọ́n, inú ooru ni ara wọn ti ń yá. 'Duchesse de Brabant' ti ọdún 1857 wà lára wọn: pínǹkì, ó rí bí ife, ó sì ń ta sánsán gan-an láàárọ̀. Kì í ṣe òórùn Ta'if, n kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní nílò físà kí ẹ tó gbọ́ ọ.

Kí ni mo fẹ́ sọ nípa 'Knock Out'? William Radler ló mú un jáde ní Amẹ́ríkà, ọjà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní 2000, torí pé àrùn ewé dúdú yẹn kì í sábà rí i gbé ṣe. Ó lágbára, ó ń tanná púpọ̀, kò sì fẹ́ wàhálà. Ó kàn jẹ́ pé kò fi bẹ́ẹ̀ ní òórùn, èmi sì máa ń fi imú kí róòsì kí n tó fi ojú kí i. Ẹni tí iṣẹ́ ò bá jẹ́ kó gbélé lè gbìn ín. 'Iceberg' ti Kordes ní Jámánì, 1958, ni èyí tó funfun tí mo lè bá yín dúró fún, ẹ̀gún rẹ̀ sì kéré. Àmọ́ ewé rẹ̀ máa ń jìyà nígbà òjò, ẹ gbìn ín síbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. 'Queen Elizabeth' ti 1954 máa ń ga bí àgbàdo, òun náà ṣeé gbìn.

'Peace' ni èyí tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má tìtorí ìtàn rẹ̀ rà. Ìtàn rẹ̀ dùn. Francis Meilland ló tọ́ ọ ní Faransé kí Ogun Àgbáyé Kejì tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó fi ẹ̀ka rẹ̀ ránṣẹ́ sókè òkun kí ọ̀nà tó dí. Ní 1945 ni wọ́n sọ ọ́ ní 'Peace' ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ogun ń parí lọ, wọ́n sì fún olórí ikọ̀ kọ̀ọ̀kan tó wá dá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sílẹ̀ ní San Francisco ní òdòdó rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó tóbi, ó jẹ́ yẹ́lò tí pínǹkì fara kan létí. Ẹ̀jẹ̀ yẹ́lò sì ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo gbìn ín lẹ́ẹ̀mejì. Òdòdó mẹ́ta ni mo rí.

Àwọn tó ń tà á lẹ́bàá títì ò sábà mọ orúkọ. Pupa, funfun, pínǹkì ni wọ́n mọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìwádìí inú òjò fi ṣe pàtàkì ju orúkọ lọ. Bí ọmọ yín tó wà lókè òkun bá sì fẹ́ fi igi rẹ̀ ránṣẹ́, ẹ sọ fún un kó má ki í bọ inú àpótí aṣọ. Ìwé àṣẹ wà fún un lọ́dọ̀ àjọ ìjọba tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn wò ní ibodè. Kòkòrò kan ṣoṣo lè bá a wọlé kó dá wàhálà sílẹ̀ fún gbogbo àgbẹ̀.

Ó ku ẹ̀tàn kan. Ọdún tí mo fẹ̀yìn tì, mo ra róòsì márùn-ún lọ́wọ́ ẹnìkan tó kó wọn wá láti ìlú mìíràn, wọ́n lẹ àwòrán mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́rùn. Wọ́n jẹ́ èyí tí wọ́n so mọ́ orí ìdí igi mìíràn, bí wọ́n ṣe máa ń so ọsàn. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Ìdí igi tó dára lè ran róòsì lọ́wọ́ nínú ilẹ̀ oníyanrìn tí aràn wẹ́wẹ́ máa ń jẹ gbòǹgbò. Èmi ni n kò mọ̀. Mo gbìn wọ́n, mo fi ilẹ̀ bo ojú ìsopọ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tó yá, èéhù kan yọ láti ìsàlẹ̀, ó ga fíofío, ewé rẹ̀ wẹ́wẹ́, ó tutù dáadáa. Inú mi dùn! Mo ń bomi rin ín, mo ń bu ìgbẹ́ adìyẹ sí i. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin kọjá, òdòdó ò yọ. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti ṣiṣẹ́ ní ọgbà òdòdó ló wá wò ó, ó fi ìka gbẹ́ ilẹ̀, ó ní, "Tíṣà, ọmọ tí ẹ gbà tọ́ ti kú tipẹ́. Ẹrú rẹ̀ ni ẹ ń fi ẹran bọ́." Ìdí igi tí wọ́n so róòsì mọ́ ló hù, kì í ṣe róòsì. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ra èyí tí wọ́n so, màá wá ibi tó wú lẹ́sẹ̀ igi, màá fi í sílẹ̀ sójú afẹ́fẹ́, èéhù tó bá sì yọ nísàlẹ̀ ibẹ̀, fífà ni màá fà á tu. Bí ẹ bá gé e, á tún hù.

N kò ní pẹ́ lórí ilẹ̀. Kòtò tó jìn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, ìgbẹ́ tó ti jẹrà dáadáa, oòrùn wákàtí mẹ́fà, ó kéré tán, àyè mítà kan láàárín igi méjì kí afẹ́fẹ́ lè gbẹ ewé. Ibi tí àpáta ò bá jẹ́ kí ẹ gbẹ́lẹ̀, ẹ lo ìkòkò ńlá tó nídìí lílu. Ìdí igi ni kí ẹ máa bu omi sí, láàárọ̀, ẹ má fi wẹ̀ fún ewé. Ẹ̀yin aládìrẹ Ìtòkú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da omi aró tó ní sódà sẹ́gbẹ̀ẹ́ róòsì. Ilẹ̀ tó kan díẹ̀ ló fẹ́ràn, sódà á sọ ilẹ̀ di òdìkejì ìyẹn, ewé á máa pọ́n, ẹ ó sì máa wá kòkòrò kiri. Ìyá kan rẹ́rìn-ín níbẹ̀, ó ní òun ti mọ ohun tó pa tòun.

Ẹni tó bá fẹ́ òdòdó fún Kérésì, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ni kó gé ẹ̀ka, kó gé nǹkan bí ìdá mẹ́ta igi náà kúrò. Láti ọjọ́ gígé sí ọjọ́ títanná máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méje. Ọyẹ́ á ti dé, àrùn á ti lọ, òru á ti tutù díẹ̀. Ìgbà yẹn ni róòsì Abẹ́òkúta máa ń dà bíi ti àwọn olókè.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn, Alhaja náà ló tún bi í: níbo wá ni òun á ti rí èyí tí òjò ti dán wò? Mo ní ilé mi. Láàárọ̀ Sátidé tó ń bọ̀, màá gé ẹ̀ka 'Louis Philippe' àti 'Old Blush' fún ẹnikẹ́ni tó bá wá, èyí tó nípọn tó pẹ́ńsùlù, tó gùn tó ìgbà tí ẹ bá ya àtàǹpàkò àti ìka ìtọ́ka sọ́tọ̀. Ẹ ó gé ìdí rẹ̀ sísàlẹ̀ oríkèé gan-an, ẹ ó já gbogbo ewé àfi méjì tó wà lókè, ẹ ó rì í dé ìdajì sínú yanrìn tí ẹ pò mọ́ èèpo ìrẹsì jíjó, ẹ ó sì gé ìdí ike omi kan kúrò kí ẹ fi dé e lórí níbi tí oòrùn ò ti ní kàn án tààrà. Oṣù kan sí méjì, gbòǹgbò ti yọ. Kí olúkúlùkù mú ike omi tirẹ̀ wá o, tèmi kò ní tó yín. Kí ẹ sì so ewúrẹ́ yín mọ́lẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé, nítorí ẹ̀gún róòsì kì í dí ewúrẹ́ lọ́wọ́ rárá.